«Ẹ kú oríire, ẹ̀yin òtòṣì»: kí ni Jésù ń sọ ní Lúùkù 6:20?

Arábìnrin kan kọ̀wé sí mi. Ó ní ọkọ òun ti wà nílé fún ọdún méjì báyìí, láti ìgbà tí ilé-iṣẹ́ tó ń bá ṣiṣẹ́ ti kógbá sílé, àti pé ẹ̀pà àti gààrí tí òun ń tà níwájú ilé ni wọ́n fi ń jẹun. Lálẹ́ ọjọ́ ìṣọ́ òru kan, oníwàásù ní kí gbogbo ẹni tí ìṣẹ́ ń bá fínra bọ́ síwájú, kí wọ́n lè lé ẹ̀mí òṣì jáde lára wọn. Ó ní ègún ni òṣì, ó sì fi Diutarónómì 28 ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn. Arábìnrin yìí bọ́ síwájú, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń wò ó. Lálẹ́ ọjọ́ náà ló jẹ́jẹ̀ẹ́ 50,000 náírà, owó ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ló sì wà lọ́kàn rẹ̀ tó fẹ́ fi san án. Nígbà tó délé, ó ṣí Bíbélì, ojú rẹ̀ bá bọ́ sí Lúùkù 6:20: «Alábùkún fún ni ẹ̀yin òtòṣì, nítorí tiyín ni ìjọba Ọlọ́run.» Ìbéèrè rẹ̀ rèé: «Bàbá, èwo ni kí n dì mú? Ṣé ẹni ègún ni mí, àbí ẹni ìbùkún? Bó bá jẹ́ ìbùkún ni òṣì, kí ló dé tó fi ń dùn mí tó báyìí? Kí sì ni kí n ṣe sí ẹ̀jẹ́ tí mo jẹ́?»

Arábìnrin mi, ẹ kì í ṣe ẹni ègún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún gbólóhùn yẹn kà kí ẹ tó ka ìyókù. Òṣì náà kì í sì í ṣe ìbùkún. Bó ṣe ń dùn yín yìí, bẹ́ẹ̀ ló ṣe dun àwọn tí Jésù ń bá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Nínú ìwé ìhìnrere mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò síbi tó ti rí ẹni tí ebi ń pa, tó wá sọ fún un pé ebi náà dára fún un. Oúnjẹ ló ń wá fún wọn.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló dá gbogbo wàhálà yìí sílẹ̀, «alábùkún fún». Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa lónìí, bí wọ́n bá ní Ọlọ́run ti bù kún lágbájá, kò sẹ́ni tó máa béèrè ohun tí wọ́n ń sọ. Ó ti kọ́lé, ó ti ra mọ́tò, ọmọ rẹ̀ ti lọ sókè òkun. Ìbùkún ti di ohun tí a ń fojú rí, tí a ń fọwọ́ kà. Bí ẹ bá gbé ìtumọ̀ yẹn lọ sínú Lúùkù 6, àfi kí orí yín dà rú, torí yóò dà bí ẹni pé Jésù ń sọ pé ẹni tí kò ní nǹkan ni ẹni tó ní nǹkan.

Níbi tí àwa ti ń lo ọ̀rọ̀ kan, méjì ni àwọn tó kọ Bíbélì ní lọ́wọ́. Ọ̀kan ni ìre tí a ń sọ sí ènìyàn lórí, bí Ísáákì ṣe súre fún Jákọ́bù. «Barukh» ni Hébérù ń pe ẹni tí irú ìre bẹ́ẹ̀ bá bà lé lórí, Gíríìkì sì ń pe ìre náà ní «eulogia». Èkejì ni «ashre» ní Hébérù, «makarios» ní Gíríìkì. Èyí kì í ṣe ìre tí a ń sú. Ohun tí ènìyàn ń wí ni, nígbà tó bá rí i pé ọ̀rọ̀ ẹnìkejì òun ti bọ́ sí rere. Òun ló bẹ̀rẹ̀ Sáàmù kìíní, òun náà sì ni Jésù lò fún àwọn òtòṣì. Àwa Yorùbá ní ọ̀rọ̀ tó bá a mu gẹ́lẹ́, àní a ń lò ó lójoojúmọ́: ẹ kú oríire.

Ẹ wo ìgbà tí a máa ń kí ènìyàn bẹ́ẹ̀. Obìnrin kan rọbí fún ọjọ́ mẹ́ta, àwọn ilé ò sùn, àwọn àgbà ń ráre kiri nínú yàrá, lẹ́yìn náà ni ọmọ ké. Gbogbo àdúgbò á ya wọlé: «Ẹ kú oríire o!» Kò sẹ́ni tó ń kí i nítorí ìrora ọjọ́ mẹ́ta yẹn. Ọmọ tó dé ni wọ́n ń torí rẹ̀ kí i. Ẹnikẹ́ni kì í sì í ṣàdédé kí ènìyàn kú oríire láìsí ìdí, ìdí náà sì ni Jésù sọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: «nítorí tiyín ni ìjọba Ọlọ́run». Ohun tó ń kí wọn fún wà lẹ́yìn «nítorí». Òṣì jẹ́ ibi tí ìròyìn ayọ̀ bá wọn, kì í ṣe òun ni ìròyìn ayọ̀ náà.

Mi ò sọ pé àwọn tó túmọ̀ Bíbélì fún wa ṣìnà o. Nígbà tí odindi Bíbélì Yorùbá jáde ní 1884, «ìbùkún» kò tíì rìn jìnnà tó báyìí. Samuel Ajayi Crowther, ẹni tó ṣe gudugudu méje lórí iṣẹ́ náà, ti mọ ohun tí kéèyàn má ní ohunkóhun jẹ́, torí wọ́n mú un lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, nígbà tó ṣì kéré, tí ara rẹ̀ pàápàá kò jẹ́ tirẹ̀ mọ́. Àwa tó jogún ìwé náà la so owó mọ́ ọ̀rọ̀ náà lọ́rùn.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí «òtòṣì». Gíríìkì ya oríṣi méjì sọ́tọ̀. «Penes» ni mẹ̀kúnnù tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́, tó jẹ́ pé lọ́jọ́ tí kò bá ṣiṣẹ́, kò ní jẹun. «Ptochos» burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Inú ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí kéèyàn ba mọ́lẹ̀ ló ti wá. Ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀ ni, tó na ọwọ́ síwájú, tí kò lè gbé ojú sókè wo ẹni tó ń tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀. «Ptochos» ni Jésù pè wọ́n ní Lúùkù 6. Ọ̀rọ̀ kan náà ló tún padà wá ní Lúùkù 16 fún Lásárù tó wà lẹ́nu ọ̀nà ọlọ́rọ̀, níbi tí Bíbélì wa ti kọ «alágbe» dípò «òtòṣì». Nítorí náà, kì í ṣe àwọn tó ṣì ń ṣiṣẹ́ jẹun ni Jésù kọ́kọ́ ń wò. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ni.

Lásárù yìí, mi ò lè fò ó dá. Nínú gbogbo òwe tí Jésù pa, yàtọ̀ sí Ábúráhámù baba ńlá tó wà nínú òwe yìí kan náà, òun nìkan ló lórúkọ. Ìtumọ̀ orúkọ náà ni pé Ọlọ́run ni olùrànlọ́wọ́. Ọlọ́rọ̀ tó wọ aṣọ elésè àlùkò, tó ń jẹ àjẹyó lójoojúmọ́, kò ní orúkọ. Ní ìlú tiwa, orúkọ olówó ni onílù ń dárà sí. Ta ló ń béèrè orúkọ alágbe tó jókòó sídìí afárá? Jésù mọ̀ ọ́n.

Àwọn wo ló wá dúró níwájú rẹ̀ lọ́jọ́ náà? Àwọn ará Gálílì pọ̀ nínú wọn, ilẹ̀ tí Hẹ́rọ́dù Ántípásì ń gbowó orí lé lórí, tí wọ́n tún ń san ti tẹ́ḿpìlì. Ẹ̀yin náà ẹ wo àwọn òwe tó pa fún wọn. Àwọn ọkùnrin tó dúró ní ọjà láti òwúrọ̀, tí wọ́n ń retí ẹni tó máa gbà wọ́n síṣẹ́ òòjọ́ fún dínárì kan (Mátíù 20). Ẹni tí wọ́n fẹ́ tà, òun, ìyàwó àti ọmọ, nítorí gbèsè (Mátíù 18). Kì í ṣe ìtàn tó dá sílẹ̀ láti orí òfìfo, ojú wọn rí i.

Ilé òtòṣì ni òun náà ti wá. Nígbà tí Màríà àti Jósẹ́fù gbé e lọ sí tẹ́ḿpìlì, Lúùkù 2:24 sọ ohun tí wọ́n mú dání: àdàbà méjì tàbí ọmọ ẹyẹlé méjì. Lúùkù kò ṣàlàyé, ṣùgbọ́n Léfítíkù 12:8 ṣàlàyé rẹ̀. Ọ̀dọ́ àgùntàn ni ìyá tó bímọ yẹ kó mú wá, àyàfi bí agbára rẹ̀ kò bá ká a, nígbà náà ni ẹyẹ méjì tó. Owó ọ̀dọ́ àgùntàn ò sí lọ́wọ́ Màríà. Bó bá jẹ́ pé ègún ni òṣì, arábìnrin mi, inú ilé ègún ni wọ́n bí Olúwa sí nìyẹn, ìyá rẹ̀ tí áńgẹ́lì kí pé ó rí ojú rere Ọlọ́run sì di ẹni ègún.

Ẹ ó ti rí i pé Mátíù kọ ọ́ lọ́nà mìíràn, «àwọn òtòṣì ní ẹ̀mí». Àwọn kan máa ń sá sábẹ́ gbólóhùn yìí. Wọ́n á ní, ẹ ò rí i, kì í ṣe owó ló ń sọ, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Àwọn mìíràn tilẹ̀ rò pé òtòṣì ní ẹ̀mí ni ẹni tí àdúrà rẹ̀ kò gbóná. Rárá o. Ó ti pẹ́ tí «òtòṣì» ti ní ìtumọ̀ kejì lẹ́nu àwọn Júù, kí wọ́n tó bí Jésù rárá. Nínú Sáàmù, ẹni tí ayé ti jẹ mọ́ lára, tí kò ní baba ìsàlẹ̀, tí kò lè fi owó ra ìdájọ́, tó wá jẹ́ pé Ọlọ́run nìkan ló kù tó lè ké pè, òun ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀: «Ọkùnrin olùpọ́njú yìí kígbe pè, Olúwa sì gbóhùn rẹ̀» (Sáàmù 34:6). Nínú àwọn ìwé kíká àtijọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rí nínú ihò àpáta ní Kumrani lẹ́bàá Òkun Òkú ní nǹkan bí 1947, «òtòṣì ní ẹ̀mí» wà níbẹ̀ ní Hébérù, àwọn ènìyàn Ọlọ́run ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Mátíù kò sọ ọ̀rọ̀ náà di ẹ̀fúùfù lásán. Ó la ilẹ̀kùn rẹ̀ sí i ni, kí ẹni tó ní nǹkan pàápàá lè wọlé, bó bá lè dúró níwájú Ọlọ́run pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo bíi ti alágbe. Ṣùgbọ́n kó má rò pé torí òun lè wọlé, wọ́n ti lé alágbe gidi jáde. Lúùkù kò fi «ní ẹ̀mí» kún un, ebi tó sì tẹ̀ lé e níbẹ̀ jẹ́ ebi inú: «ẹ̀yin tí ebi ń pa nísinsin yìí».

Ẹ wá wo ohun tó wà lẹ́yìn «nítorí». Jésù kò ní «yóò jẹ́ tiyín». Ó ní tiyín *ni*. Orí kẹrin ìwé kan náà ti sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní Násárẹ́tì, wọ́n gbé ìwé wòlíì Àìsáyà lé e lọ́wọ́, ó ṣí i sí ibi tí a ti kọ ọ́ pé Ẹ̀mí Olúwa ń bẹ lára òun láti wàásù ìhìnrere fún àwọn òtòṣì, láti kéde ìdásílẹ̀ fún àwọn ìgbèkùn. Ó ká ìwé náà, ó jókòó, ó ní: «Lónìí ni ìwé-mímọ́ yìí ṣẹ ní etí yín.» Lónìí. Ọba ti dé, àwọn tó sì kọ́kọ́ fi ìwé dídé rẹ̀ ránṣẹ́ sí ni àwọn tí ọba ayé kì í rántí. Ìyẹn ni oríire náà. Yíyó jẹ́ ti ọjọ́ iwájú, «a ó yó yín», ṣùgbọ́n ìjọba ti di tiyín kí oúnjẹ tó jinná.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọ̀run nìkan lọ̀rọ̀ yìí wà fún, pé kí ẹ fara dà á títí ẹ ó fi kú. Mo ti gbọ́ ìwàásù yẹn náà, ó sì ń bí mi nínú bíi ti ègún yìí gan-an, torí ó máa ń dùn lẹ́nu ẹni tó ti yó. Àwọn tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ Jésù kò gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 4:34 ní kò sí ẹnìkan nínú wọn tó ṣe aláìní, torí àwọn tó ní ilẹ̀ àti ilé ń tà á, wọ́n ń pín in gẹ́gẹ́ bí olúkúlùkù ti ṣe aláìní sí. Nígbà tí wọ́n rí i pé wọ́n ń fo àwọn opó kan nínú ìpín ojoojúmọ́, odindi ènìyàn méje ni wọ́n yàn sórí iṣẹ́ náà (orí 6). Ní nǹkan bí 369, nígbà tí ìyàn mú ní Kesaréà ti Kapadókíà, Basil, àlùfáà kan níbẹ̀, dìde lórí pẹpẹ ó wí fún àwọn ọlọ́rọ̀ pé oúnjẹ tí wọ́n ń tọ́jú pa mọ́ jẹ́ ti ẹni tí ebi ń pa, aṣọ tí wọ́n tì mọ́nú àpótí jẹ́ ti ẹni tó wà níhòòhò. Ó sì dá ibi tí wọ́n ti ń bọ́ àwọn ènìyàn sílẹ̀. Bí wọ́n bá kí òtòṣì kú oríire nínú ìjọ Ọlọ́run, tí kò wá sí oúnjẹ níbẹ̀, wọ́n ti purọ́ mọ́ Jésù.

Ìdí nìyẹn tí «ègbé» fi tẹ̀ lé e ní Lúùkù 6:24: «Ègbé ni fún ẹ̀yin ọlọ́rọ̀, nítorí tí ẹ̀yin ti rí ìtùnú yín ná.» Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí a túmọ̀ sí «ti rí» níbẹ̀ ni àwọn oníṣòwò ayé ìgbà náà máa ń kọ sórí rìsíìtì: mo ti gba owó mi pé. Ẹni tó ti gba owó rẹ̀ pé kò ní ohun tó ń retí mọ́. Kì í ṣe pé Jésù kórìíra ọlọ́rọ̀, ó jẹun nílé Sákéù. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà gan-an ni Sákéù pín ààbọ̀ ohun ìní rẹ̀ fún àwọn òtòṣì, tó sì dá owó tó rẹ́ jẹ padà ní ìlọ́po mẹ́rin.

Diutarónómì 28 ńkọ́? Òótọ́ ni pé òṣì wà lára ègún tó wà níbẹ̀. Àmọ́ odindi orílẹ̀-èdè ni Mósè ń bá sọ̀rọ̀, ó ń sọ ohun tó máa dé bá ìlú tó bá kẹ̀yìn sí májẹ̀mú. Ẹni tó bá fẹ́ fi í wo orí ẹnì kọ̀ọ̀kan, kó kọ́kọ́ ka orí 15 nínú ìwé kan náà. Níbẹ̀, nígbà tí òfin dé ọ̀dọ̀ aládùúgbò tó di tálákà, kò béèrè ẹ̀ṣẹ̀ tó dá. Ó yíjú sí ẹni tó ní: má ṣe sé àyà rẹ le, má sì ṣe di ọwọ́ rẹ mọ́ arákùnrin rẹ tó tálákà. Gbogbo ìwé Jóòbù sì ni wọ́n fi já irọ́ àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta tí wọ́n ń wá ẹ̀ṣẹ̀ lára ẹni tí ìyà ń jẹ. Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló sọ fún wọn níparí pé wọn kò sọ òtítọ́ nípa òun.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á sọ fún yín pé iṣẹ́ loògùn ìṣẹ́. Òótọ́ ni, ìwé Òwe náà kò gba ọ̀lẹ láyè. Ṣùgbọ́n Òwe kan náà, ní 13:23, ní oúnjẹ púpọ̀ wà nínú oko òtòṣì, àìṣòdodo ló ń gbá a lọ. Jákọ́bù 5:4 sì gbọ́ igbe owó iṣẹ́ àwọn tó kórè oko, tí olóko kọ̀ láti san. Oògùn ni iṣẹ́, bí wọ́n bá san owó rẹ̀. Ọkọ yín kò sá fún iṣẹ́. Iṣẹ́ ló sá fún un.

Ó wá ku ẹ̀jẹ́ náà, òun ló sì wúwo jù lọ́kàn mi. Wọ́n lè ti fi opó Máàkù 12 bá yín sọ̀rọ̀, ẹni tó ju owó wẹ́wẹ́ méjì sínú àpótí. Bí a bá pín owó iṣẹ́ òòjọ́ kan sí ọ̀nà 64, ohun tó jù síbẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ, gbogbo ohun tó ní ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ẹsẹ tó ṣáájú rẹ̀. Jésù ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀rọ̀ àwọn akọ̀wé tó ń jẹ ilé àwọn opó run, tí wọ́n ń gbàdúrà gígùn bo ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni opó kan kọjá, tó fi ohun tí ì bá jẹ sílẹ̀. Jésù yìn ín ju gbogbo àwọn ọlọ́rọ̀ lọ. Kò ní kí ẹnikẹ́ni lọ gba irú rẹ̀ lọ́wọ́ opó mìíràn.

Diutarónómì 23 ní kí ẹni tó jẹ́jẹ̀ẹ́ san án, mi ò ní fi ìyẹn pa mọ́ fún yín. Àmọ́ Léfítíkù 27:8 wà pẹ̀lú: bí ẹni tó jẹ́jẹ̀ẹ́ bá tálákà ju iye tí a dá lé e lọ, kí ó wá síwájú àlùfáà, kí àlùfáà sì dá iye tí agbára rẹ̀ ká lé e. Ọlọ́run ti ro tiyín kí ẹ tó dé ibẹ̀. Ní Máàkù 7, Jésù bá àwọn tó ń ní «Kọ́bánì» wí gidigidi, àwọn tó ti ya owó tó yẹ kí wọ́n fi tọ́jú bàbá àti ìyá wọn sọ́tọ̀ fún Ọlọ́run. Ó ní wọ́n ti fi àṣà wọn sọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run di asán. Mi ò rí bí ó ṣe máa gba ti àwọn ọmọ lọ́wọ́ yín, nígbà tí kò gba ti àwọn òbí.

Ẹ san owó ilé-ẹ̀kọ́ wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ mú ohun tí agbára yín ká lọ fún ẹni tó gba ẹ̀jẹ́ náà, ì báà jẹ́ igba náírà, kí ẹ sì fi ọ̀wọ̀ ka Léfítíkù 27:8 fún un. Bí wọ́n bá tún ní kí àwọn tí ìṣẹ́ ń bá fínra bọ́ síwájú, ẹ lè jókòó sáyè yín, ẹ ò dẹ́ṣẹ̀. Àwọn ọmọ yẹn rí yín nígbà tí ẹ jáde lálẹ́ ọjọ́ náà. Bí ẹ bá jẹun alẹ́ tán lónìí, ẹ pè wọ́n jókòó, kí ẹ ka Lúùkù 6:20 sókè sí wọn létí. Níbi tí ẹ bá ti kan «alábùkún fún», ẹ kà á ní «ẹ kú oríire», kí bàbá wọn náà sì wà níbẹ̀ kó gbọ́ ọ.